Kí A Tó Fọwọ́ Síwèé Wúrà: Ohun Tí Omi Kíkan Enugu Lè Kọ́ Wa

Èmi alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn ni mo tún dé pẹ̀lú ìtàn oṣù yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Ọmọ yìí tún ti kọ̀wé gbọọrọ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ni.

Gbogbo wa la gbọ́ fóìsì nóòtù tó wà lórí gúrúùpù lóṣù tó kọjá. Àwọn kan ti mú lẹ́tà wá sílé pé àwọn fẹ́ wa wúrà ní ilẹ̀ tó wà lókè odò wa. Wọ́n ní àwọn á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, àwọn á tún ọ̀nà ṣe, àwọn á sì máa san owó ilé-ìwé fún àwọn ọmọ wa. Nígbà tí ẹ̀ka Ìbàdàn ṣe ìpàdé ní Ìwó Road, ariwo ta. Àwọn kan ní ká tètè fọwọ́ sí i kí ìlú míì má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan ní ká lé wọn dànù. Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn kò pariwo rárá. Wọ́n kàn béèrè pé, "Tí wọ́n bá kó wúrà tán, tí wọ́n sì lọ, kí ni òkúta tí wọ́n hú síta á máa ṣe níbẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi tí mo ń kọ́ kẹ́mísìrì ní fásitì gan-an kò rí nǹkan sọ. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun ló sì bí ìwé yìí.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn kò jìnnà. Bí ìpàdé ṣe parí, mo gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kó èrò Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá. Bọ̀dá kan tó ń ṣe rewire ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan sílẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì tí nǹkan funfun bíi iyọ̀ ti hù bò. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó fi gíríìsì pa á dáadáa. Mo bi í pé kí ni gíríìsì wà fún. Ó ní, "Ásíìdì ló ń jẹ ẹ́. Tí mo bá ti fi gíríìsì bò ó báyìí, atẹ́gùn àti omi ò ní rí i mú mọ́." Mo dúpẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún fún òkúta ìwakùsà ni ọkùnrin yìí ń fi gíríìsì ṣe lójú pópó.

Òkúta tó ń di ásíìdì

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òkúta kan wà tí òyìnbó ń pè ní pyrite. Ó máa ń dán yinrin bíi wúrà, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ wúrà jẹ. Irin àti imí-ọjọ́ ló pa pọ̀ di òkúta yìí. Ó máa ń wà láàárín èédú ilẹ̀, ó máa ń wà níbi tí bàbà wà, ó sì máa ń bá wúrà rìn nínú àpáta. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí atẹ́gùn kò kàn án, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún.

Ìgbà tí a bá hú u síta, tí a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, tí a sì dà á jọ sílẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn á kàn án, òjò á rọ̀ sí i. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ á di ásíìdì, irú ásíìdì kan náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á sì sọ omi di pupa rúsúrúsú. Lẹ́yìn ìyẹn, ásíìdì náà á máa yọ àwọn nǹkan míì kúrò lára òkúta: bàbà, síǹkì, nígbà míì òjé àti arsenic, á sì kó wọn lọ sínú odò. Ẹja ò lè gbé nínú omi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi bomi rin oko ẹ̀fọ́ ń ba ilẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ni.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní pH, tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó. Omi tó wà ní 7 kò kan rárá. Bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ló ń kan sí i, ìsọ̀kalẹ̀ ẹyọ kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bíi 2. Ní Iron Mountain, ní California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n dáwọ́ ìwakùsà dúró ní 1963. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ wọ inú ihò náà, wọ́n rí omi tí òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ tipẹ́. Òkúta ṣì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Nǹkan míì tún wà tó ń dá kún un. Ní 1947, àwọn onímọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Colmer àti Hinkle, tí wọ́n ń yẹ omi ibi ìwakùsà èédú wò ní West Virginia, kọ ọ́ síta pé àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú omi kíkan yẹn, wọ́n sì ń fi irin inú rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Nígbà tó di 1970, àwọn onímọ̀ míì fi hàn pé àwọn ẹ̀dá yìí lè mú kí ìbàjẹ́ náà yára tó ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Tí omi bá ti kan dé ìwọ̀n kan, wọ́n á máa gbèrú, omi á sì tún máa kan sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti dá a dúró tó bá ti gbilẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Enugu

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni mò ń sọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà níbí.

Ní 1909, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba òyìnbó rán jáde, tí Albert Kitson ṣe olórí wọn, rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Udi. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Nígbà tó di 1916, ọ̀nà rélùwéè ti dé ibẹ̀ láti Port Harcourt. Èédú yìí ló sọ Enugu di ìlú ńlá.

Àwa Yorùbá náà jẹ nínú rẹ̀. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn láti 1901. Nígbà yẹn, èédú ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ, ìlú òyìnbó ni wọ́n sì ti ń kó o wá nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tí ti Enugu jáde, òun ni rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná Ìjọrà tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1923, èédú ló ń jó kí iná tó tàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti àwọn ará Enugu nìkan ni. Àǹfààní rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìbàjẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ ka ìtàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949. Àwọn awakùsà ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, ọlọ́pàá yìnbọn, àwọn 21 kú. Gbogbo Nàìjíríà gbọ́, ó sì wà lára ohun tó ru ìbínú àwọn tó ń jà fún òmìnira sókè. Ìtàn yẹn la máa ń kọ́ ní iléèwé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kejì wà tí a kì í sọ, ìtàn omi.

Àwọn ihò ìwakùsà Enugu lómi púpọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi síta kí àwọn òṣìṣẹ́ tó lè rí ibi dúró sí. Ìgbà wá yí padà. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956. Rélùwéè kúrò lórí èédú, ó bọ́ sórí dísẹ́ẹ̀lì. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò parí títí di 1970. Wọ́n gbìyànjú láti jí iṣẹ́ náà dìde lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n kò padà bọ̀ sípò. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn ihò náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá dúró, omi ò ní dúró. Ó kún inú ihò, ó wẹ ara òkúta tí atẹ́gùn ti kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wá ọ̀nà gbà jáde. Títí dòní, omi tó ń ṣàn láti àwọn ibi ìwakùsà bí Okpara àti Onyeama kan, irin sì kún inú rẹ̀. Odò Ekulu tó gba àárín ìlú Enugu kọjá wà lára àwọn odò tí omi ìwakùsà yìí ń ṣàn sí. Àwọn olùkọ́ fásitì ti bu omi yìí lọ sí láàbù léraléra, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Èédú Enugu kì í ṣe èyí tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Lára èédú tí imí-ọjọ́ rẹ̀ kéré ni wọ́n máa ń kà á sí. Síbẹ̀, ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀ àti nínú òkúta tó yí i ká tó láti sọ omi di kíkan. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún wa nípàdé pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, nǹkan yẹn ò pọ̀ nínú òkúta tiyín," ẹ rántí Enugu.

Ti wúrà ńkọ́?

Àwọn kan á ní, "Èédú lò ń sọ, wúrà ni tiwa." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Johannesburg. Ní 1886 ni wọ́n rí wúrà níbẹ̀, àwọn ihò ibẹ̀ sì wà lára èyí tó jìn jù láyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fa omi. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé, wọ́n dáwọ́ fífà á dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, omi kíkan tú jáde láti inú ihò àtijọ́ kan ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, ó sì ṣàn lọ sínú odò. Ìjọba ibẹ̀ ṣì ń náwó lórí omi yìí. Èrè wúrà ti di ti àwọn tó kó o lọ, owó ìtọ́jú omi wá di ti ará ìlú.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ti ń wa wúrà láti ìgbà ìjọba òyìnbó, ní àwọn ọdún 1940. Ṣùgbọ́n wúrà etí odò ló pọ̀ jù nínú ti ìgbà náà, èyí tí wọ́n ń fi abọ́ yọ nínú iyanrìn. Ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀: ẹrẹ̀ ni, àti mákúrì tí àwọn kan ń lò láti fi kó wúrà jọ. Nígbà tí ẹ bá rí odò tó dà bíi kókò tí wọ́n fi mílíìkì sí, ẹrẹ̀ ni ẹ ń wò. Tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ẹrẹ̀ lè sílẹ̀ bópẹ́ bóyá.

Wúrà inú àpáta kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń wà ní Segilola, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti yọ́ wúrà àkọ́kọ́ ní 2021. Irú rẹ̀ náà ni àwọn tó mú lẹ́tà wá sọ́dọ̀ wa ń wá. Wọ́n á fọ́ àpáta, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Wúrà tó máa jáde nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan kì í ju gíráàmù díẹ̀ lọ. Gbogbo èyí tó kù, ilẹ̀ wa ló máa wà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì ti kọ ọ́ tipẹ́ pé òkúta dídán yẹn, pyrite, wà lára ohun tó ń bá wúrà inú àpáta rìn ní agbègbè Iperindo. Kì í ṣe pé mò ń sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ti ba omi jẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè yẹn kan wa.

Awọ tí wọ́n ń fi bo òkúta

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá rewire. Ṣé a lè fi nǹkan bo òkúta lára kí atẹ́gùn má kàn án, bó ṣe fi gíríìsì bo orí bátìrì?

Ẹ wo páànù orí ilé Ìbàdàn. Irin ni páànù, síǹkì ni wọ́n fi bò ó lára. Níwọ̀n ìgbà tí síǹkì yẹn bá wà, irin ò ní dípẹtà. Ọjọ́ tó bá tán ni páànù á pọ́n, tí òjò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí ibùsùn. Gbogbo ọgbọ́n náà wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn.

Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà tọ́jú òkúta ìwakùsà pọ̀. Wọ́n lè rì í sínú omi jíjìn kí atẹ́gùn má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè fi amọ̀ tó ki bò ó kí òjò má wọ̀ ọ́. Wọ́n lè da òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, torí òkúta yẹn máa ń pa ásíìdì. Orílẹ̀-èdè Kánádà dá ètò ńlá kan sílẹ̀ ní 1989, tí wọ́n ń pè ní MEND, láti wádìí ọ̀nà wọ̀nyí, torí owó ìtọ́jú omi kíkan ti fẹ́ kọjá agbára wọn.

Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ V. P. Evangelou, ní Yunifásítì Kentucky, gba ọ̀nà míì. Kentucky jẹ́ ìpínlẹ̀ èédú, ó sì mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ó ní dípò ká bo òkìtì òkúta látòkè nìkan, kí ló dé tí a kò fi bo ẹyọ òkúta kọ̀ọ̀kan? Ó fi omi tí fọ́sífétì wà nínú rẹ̀ wẹ òkúta náà, pẹ̀lú hydrogen peroxide, èyí tí wọ́n máa ń fi fọ egbò ní ilé ìwòsàn. Peroxide yìí á jẹ ojú òkúta díẹ̀, irin díẹ̀ á yọ jáde. Bí irin yìí ṣe ń jáde ló ń bá fọ́sífétì pàdé, àwọn méjèèjì á sì gan mọ́ ojú òkúta bí awọ. Ẹ ò rí i pé irin ara òkúta náà gan-an ni wọ́n fi rán aṣọ fún un! Fọ́sífétì yìí kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì, òun ló wà nínú ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa ń lò.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní àléébù. Fọ́sífétì tó bá ṣẹ́kù lè ṣàn sínú odò, kó sì mú kí ewé omi hù jù. Awọ náà lè yọ́ tí omi bá ti kan jù. Nítorí náà, wọ́n tún gbìyànjú sílíkà, ìyẹn ohun tó wà nínú iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe dígí. Awọ sílíkà máa ń fara da omi kíkan ju ti fọ́sífétì lọ. Ní Yunifásítì Hokkaido ní Japan, wọ́n tún ṣe èyí tó jẹ́ pé ojú pyrite nìkan ni oògùn náà máa ń gan mọ́, kì í fi ara rẹ̀ ṣòfò sára òkúta tí kò ní ẹ̀bi.

Mi ò fẹ́ tàn yín. Inú láàbù àti orí ilẹ̀ kéékèèké ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ awọ yìí ṣì wà. Ó gbówó lórí. Awọ lè sán. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá wá sọ pé oògùn kan wà tí àwọn á fọ́n sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ á sì parí, ẹ má gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo àwọn onímọ̀ yìí fohùn ṣọ̀kan lé lórí, láti orí amọ̀ dé orí sílíkà: kí atẹ́gùn tó kàn án ni kí ẹ bò ó. Ìdènà kò tó ìtọ́jú náwó rárá. Bọ̀dá rewire náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í dúró dìgbà tí orí bátìrì bá jẹrà tán.

Àwọn ohun èlò yìí kò sì jìnnà sí wa. Òkúta sìmẹ́ńtì wà ní Ewékorò, wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Iyanrìn dígí wà ní Igbókòdá. Fọ́sífétì wà nínú ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, orílẹ̀-èdè Togo sì ti ń wà á tà fún gbogbo ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Amọ̀ ńkọ́? Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò mọ ibi tó wà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sí nǹkan tí a lè fi bo òkúta nílẹ̀ yìí.

Ohun tí òfin fi sí wa lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Òfin Nàìjíríà sọ pé ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìlú kò lè fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ ìwakùsà. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ọdún 2007 kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Àdéhùn náà lè sọ̀rọ̀ nípa iléèwé àti ọ̀nà, ó sì tún lè sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe máa tọ́jú àyíká. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Òfin yẹn kan náà dá àpò owó kan sílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa dáwó sí fún títún ilẹ̀ ṣe. Ó sì tún ní kí wọ́n ṣe ìwádìí ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń wa èédú ní Enugu, àwọn ará ìlú kò ní irú òfin yìí lọ́wọ́. Àwa ní i. Tí a bá wá fọwọ́ síwèé tí kò ní ju kànga ẹ̀rọ àti owó ilé-ìwé nínú, ẹ̀bi wa ni.

Nítorí náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ ẹ̀yin àgbà pé kí ẹ bá wa gbé ìbéèrè mẹ́ta yìí sí wọn níwájú, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi pẹ́ẹ̀nì kan ìwé.

Èkíní: Mélòó ni imí-ọjọ́ inú òkúta yín, mélòó sì ni ohun tó lè pa ásíìdì nínú rẹ̀? Láàbù ló ń ṣe ìwọ̀n yìí, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹ mú èsì wá ká rí i.

Èkejì: Níbo lẹ máa da òkúta tí kò ní wúrà sí, kí lẹ sì máa fi bò ó? Ọjọ́ wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó? Tí wọ́n bá ní, "Tí a bá parí iṣẹ́ ni," ẹ sọ fún wọn pé rárá. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni kí wọ́n máa bò ó.

Ẹ̀kẹta: Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹrù yín, ta ló máa tọ́jú omi, owó dà? Kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé owó ti ń wọ àpò tí òfin sọ.

Àwa ọ̀dọ́ náà ní iṣẹ́ tiwa. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi odò wa lóṣooṣù láti ìsinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀. A óò fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò, bébà náà kò wọ́n. A óò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, a óò sì máa fi fọ́tò rẹ̀ sórí gúrúùpù. Ìdí rẹ̀ ni pé tí omi bá yí padà lọ́dún márùn-ún sí i, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìwé wa ló máa jẹ́rìí. Ẹni tó bá wà nílé tó lè bá wa dé odò, kó kàn sọ̀rọ̀ lórí gúrúùpù ọ̀dọ́.

Mo mọ̀ pé ebi ń pa ìlú. Èmi náà ń wá owó ilé-ìwé, mi ò sì kórìíra ẹni tó fẹ́ fún wa. Mi ò ní kí wọ́n má wa wúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé wúrà lè tán láàárín ọdún mẹ́wàá, odò yẹn sì ni àwọn ọmọ ọmọ wa á bá níbẹ̀. Àwọn àgbà ló ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Enugu ti sọ tẹ́lẹ̀ fún wa.

Bàbá tẹ́ ẹ bi wá ní ìbéèrè ní Ìwó Road, ẹ ṣeun sà. Ìdáhùn mi rèé: tí a kò bá bo òkúta yẹn, ó máa di ásíìdì, kò sì ní dúró nígbà tí wọ́n bá lọ. Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí lórí gúrúùpù, pàápàá àwọn ìyá wa tó ń pọn omi nínú odò náà. Ẹni tí kò bá lè kàwé, ẹ kà á sí i létí.

Ire o. Ìlú wa kò ní bàjẹ́.